Ọjọ́ kan péré ní àárín ìlú Ìlọrin: ààfin, Ọjà-Ọba, Òkèlele. Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

ÀdùkẹMókọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ dáadáa. Ìgbéyàwó ẹbí ló ń gbé èmi àti ìyá ọkọ mi bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọjọ́bọ̀ la ó wọ àdúgbò Táńkẹ̀ ní Ìlọrin, Sátidé ni ìnáwó, ọjọ́ Ẹtì ló ṣófo láàárín. Mo fẹ́ ká fi ọjọ́ yẹn rin àárín ìlú àtijọ́: ààfin, mọ́ṣáláṣí ńlá, Ọjà-Ọba, àti Òkèlele níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Àmù kan àti aṣọ òkè gidi ni Màmá ń wá ní tiwọn. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń kó wá fún àwọn ní Ìbàdàn ti ń dán jù, pé bí èèyàn bá wọ̀ ọ́, a máa ń rí i láti òdìkejì títì.

Ọkọ mi sin ìlú ní Ìlọrin nígbà tó ṣe agùnbánirọ̀. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé Ìlọrin ò ju Pósófíìsì, Táíwò àti Ṣálẹ́ńjì lọ, ìyẹn àwọn ibi ìṣòwò ojú títì. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀, ibo la ó parí ẹ̀ sí? Ṣé ó ṣeé fẹsẹ̀ rìn? Orúnkún Màmá ò fẹ́ ìrìn gígùn mọ́, nítorí náà ẹ bá mi wo ibi ìjókòó mọ́ ọn.

Marúwá_Marábà

Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀! Ẹ gbọ́ o, tí aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ bá ti lù, kẹ̀kẹ́ tèmi kì í sún mọ́ Ọjà-Ọba. Mọ́ṣáláṣí yẹn máa ń kún dé ojú títì, àwọn èèyàn á tẹ́ ẹní síbi tí mọ́tò ń gbà. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ á wà nínú ẹ̀ títí wọ́n á fi kírun tán. Tí kò bá sí bí ẹ ṣe lè ṣe é tí kò fi ní jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ jí jáde. Kí ẹ ti rí ààfin àti mọ́ṣáláṣí tán ní òwúrọ̀, kí ẹ wá gba ọ̀nà Òkèlele lọ kí ọ̀nà tó dí.

Ẹ má gba dúróòpù o. Láti Táńkẹ̀ ẹ wọ kẹ̀kẹ́ dé Pósófíìsì, ẹ wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọba. Ẹni tó bá gbọ́ ẹnu Ìbàdàn lẹ́nu yín á fi owó lé e.

BàbáKúńtú

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ìmúra ọ̀nà. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ojú títì ló gbé ní gbogbo ọdún yẹn, kò wọ Ìlọrin. Ìlú wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń rí. Agboolé wọnú agboolé níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan yọ sí òmíràn, ilé kéwú wà lápá ọ̀tún, ibojì àwọn àgbà wà lápá òsì. Ẹni tó bá rin títì nìkan, ọjà ló ná.

Ìdí-Àpé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ń lọ irin wà níbẹ̀ ní agboolé Aṣáájú. Adúgbò yẹn náà ni ilé Mọ́gàjí Ààrẹ, ìdílé Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kẹ̀yìn sí Aláàfin. Àfọ̀njá ló ní kí Sheu Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá bá òun gbé. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dàrú láàárín Àfọ̀njá àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀, wọ́n sì pa á ní nǹkan bí ọdún 1824. Abdulsalami ọmọ Àlímì ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Ẹ má retí pé ẹnu á kò lórí ìtàn yìí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ìdí-Àpé, tí ẹ tún gbọ́ ọ lápá ààfin, ẹ fetí sí méjèèjì, ẹ má dá sí i. Èmi tí mo ti dàgbà síbẹ̀ náà kì í dá sí i.

Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí iwájú ààfin. Ìta gbangba yẹn ni gbogbo ìlú pàdé sí. Balógun mẹ́rin ló pín Ìlọrin láàárín ara wọn: Ajíkóbì, Alánàmú, Gàmbàrí àti Fúlàní. Oníkálukú ní apá tirẹ̀, bí ẹ bá sì ń rìn ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti kọjá láti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Ẹ kàn máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn àti orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Ní Gàmbàrí, ẹ ó gbọ́ Yorùbá tí Haúsá ti bá dàgbà.

Mọ́ṣáláṣí ńlá tó dojú kọ ààfin, ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1981. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní ọdún 2012. Nítorí náà, kì í ṣe ilé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo èèyàn ń yà fọ́tò ẹ̀. Kí ẹ má sì máa wá ilé tó ti pé igba ọdún kiri. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ilé iṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company kó ogun wọ Ìlọrin, wọ́n yin àgbá sí i, iná sì mú nínú ìlú. Ohun tó ti pẹ́ nínú Ìlọrin ni bí agboolé ṣe tò. Ògiri tòun páànù, wọ́n ti pààrọ̀ wọn tipẹ́.

Táíwò_Òkè

Bàbá, ẹ kú ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di wa báyìí. Ọ̀nà rélùwéè dé Ìlọrin láti Èkó ní ọdún 1908. Láti ọjọ́ náà ni apá Táíwò wa yìí ti ń fa oníṣòwò mọ́ra. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn. Kí ló tún kù kí ó tó di ìlú àtijọ́?

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ títì wa náà kì í ṣe ẹni kékeré. Ibrahim Taiwo ni, ọ̀gá ológun tó ń ṣe gómìnà Kwara nígbà tí wọ́n pa á nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù kejì ọdún 1976. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá lójoojúmọ́ rò pé ìbejì kan ló ni títì.

Àdùkẹ́, tí ẹ bá fẹ́ aṣọ àǹkárá, bàtà, fóònù, ìwé ọmọ ilé ìwé, ọ̀dọ̀ wa lẹ ó wá. Pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ náà wà lójú títì Táíwò níbí. Ẹ kọjá sí ibùdókọ̀ rélùwéè náà kí ẹ fi ojú lásán wo ó. Ọkọ yín ò purọ́, ó kàn dúró sí ìdajì ni.

BàbáKúńtú

Mo gbà fún ẹ lórí rélùwéè. Ti ìbejì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìyá_Aláṣọ

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Màmá. Èmi ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba, mo sì gba ẹnu wọn: òwú tó ń dán ti pọ̀ jù. Kì í ṣe ẹjọ́ ahunṣọ o. Àwọn oníyàwó ló ń béèrè kí ó máa tàn yanran nínú fídíò.

Aṣọ mẹ́ta ló jẹ́ àgbà, ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ mọ èyí tí wọ́n fẹ́: sányán tó dà bí àwọ̀ erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àlàárì tó pọ́n, ẹtù tó dúdú nítorí aró. Láyé àtijọ́, òwú ara kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun sányán, sílíìkì tó gba aṣálẹ̀ wá láti òkè òkun sì ni wọ́n fi ń hun àlàárì. Ní báyìí, òwú tí wọ́n pa láró sí àwọ̀ yẹn ni ẹ ó máa rí lọ́wọ́ ẹni púpọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sányán òun ò yàtọ̀ sí ti ayé bàbá bàbá òun, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ máa bá tiyín lọ.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Òfì ọkùnrin máa ń hun aṣọ ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀já yẹn ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń rán pọ̀ mọ́ra títí á fi di ìró. Ẹ tú bọ́ńdù náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ká a lé yín lọ́wọ́ lásán. Ẹ na ọ̀já kan sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: tí ẹ bá ń rí ojú èèyàn láti ẹ̀yìn ẹ̀, ahunṣọ ò lù ú le. Ẹ fi ìka ra etí ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí tó ń wọlé tó ń jáde, ọwọ́ ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni, owó ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀já tó wà nínú bọ́ńdù kí ẹ tó sanwó. Wọ́n ti ta èyí tó dín fún èmi gan-an rí, ní ìsọ̀ ẹni tí mo pè ní ọ̀rẹ́.

Tí ẹ bá lè ra lọ́wọ́ ahunṣọ fúnra ẹ̀, ó sàn jù. Ẹ tẹ́tí nínú àwọn agboolé, ẹ ó gbọ́ òfì kí ẹ tó rí i. Ẹ kí wọn "ẹ kú iṣẹ́", ẹ dúró títí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ju òwú á fi dúró lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá dé tó kàn ní "èló ni?", iye àlejò ni wọ́n ń pè fún un.

Sáà Iléyá àti oṣù ìgbéyàwó, owó á gòkè. Ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn.

ỌmọDàda

Ẹ ti sọ̀rọ̀ aṣọ, kò sẹ́ni tó dá àmù lóhùn. Ẹbu Dàda ní Òkèlele ni wọ́n ti mú mi dàgbà. Ìyá mi ń mọ ìkòkò, ìyá wọn náà mọ ọ́n. Iṣẹ́ obìnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ó rí ọkùnrin níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ó ń kó amọ̀ tàbí ó ń dúró de mọ́tò tó fẹ́ kó ẹrù.

Ẹ lọ láàárọ̀ kí ẹ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á da ìkòkò tó ti jóná dojú dé, wọ́n á bu eérú sí ìdí ẹ̀ kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá tẹ́ amọ̀ tútù lé e lórí. Wọ́n á máa gbá a, wọ́n á máa yí i ká, títí á fi gba ìrísí ìdí yẹn. Tó bá ti gan díẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ kúrò, wọ́n á gbé e nàró, wọ́n á sì máa fi amọ̀ tí wọ́n pa gùn mọ ọrùn àti ẹnu lé e. Àgbà tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa ń rìn yí ìkòkò náà ká, ó tẹ̀ ba, ó ń fẹ̀yìn rìn, ọwọ́ kan wà nínú, ọ̀kan wà lóde. Ìkòkò ò yí, èèyàn ló ń yí. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ ìyá mi ju ọwọ́ wọn lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Wọ́n á fi òkúta dídán tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ha á kí ó dán, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Sísun ló kù. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, wọ́n á to ìkòkò jọ lórí igi, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á sì tiná bọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kí ó dúdú, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nínú iná ni wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irúgbá sè sí i lára. Ariwo tó máa ń hó nígbà yẹn, ẹ̀rù máa ń ba àlejò.

Ti àmù ni pé kí Màmá má ra èyí tí wọ́n kùn lọ́dà. Omi máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ sára àmù, afẹ́fẹ́ á fà á gbẹ, ohun tó ń mú omi inú ẹ̀ tutù nìyẹn. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà dí ihò ara ẹ̀, ó di ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ẹ fi eegun ìka kàn án: tó bá dún geere, ẹ gbé e. Tó bá dún bíi pé nǹkan bò ó lẹ́nu, ó ti sán níbì kan. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ rọ omi kún un, ẹ dà á nù lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ títí òórùn amọ̀ á fi lọ. Wọ́n ní ìkòkò ọbẹ̀, ìṣaasùn, orù, agbada, àti ìkòkò òdòdó tí àwọn ará GRA ń wá rà.

Ẹ má yà fídíò kí ẹ tó gbàṣẹ. Àwọn kan ti wá, wọ́n dúró ya ìyá wa láti ẹ̀yìn níbi tí wọ́n tẹ̀ ba sí, wọn ò kí, wọn ò ra ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà lojú wọn ti le sí ẹni tó bá gbé fóònù sókè.

Ọmọ_Ọ̀fà

Gbogbo ẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá ọ̀rọ̀ ìjókòó lóhùn, mo sì mọ ìdí ẹ̀: kò sí. Ìlú tó tóbi tó báyìí, láti ààfin dé ọjà Ìpàtà, ẹ fi bẹ́ńṣì ìjọba kan hàn mí. Igi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé e fún ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Ọjà-Ọba lọ́dún tó kọjá, orí àpótí mínírà la jókòó lé, ẹni tó ni ín sì ní ká ra mínírà kí ìdí wa tó tutù.

BàbáKúńtú

Ọmọ Ọ̀fà ò parọ́ níbí, bó ṣe ń dùn wá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìlú ò ní ibi ìjókòó látilẹ̀. Ohun tí ìlú ní ni ìta. Ẹ wo orúkọ àdúgbò: Ìta Amọ́dù, Ìta Ògúnbọ̀, Ìta Ẹ̀gbá, Ìta Kúdímọ̀. Ìta kọ̀ọ̀kan, ibi tí agboolé bíi mélòó kan yọ sí ni. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń ta ayò lẹ́yìn ìrun Alásárì, ibẹ̀ la ti ń so ìgbéyàwó, ibẹ̀ làwọn oníwéré ti ń kọrin nínú ààwẹ̀. Nígbà ayé Odolaye Aremu, bí wọ́n bá sọ pé ó ń bọ̀ wá kọ orin dadakúàdà, ìta ni gbogbo wa máa ń sá lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè gbọ̀ngàn.

Mọ́tò ló gba ìta lọ́wọ́ wa. Ọmọ ilé tó bá ra mọ́tò á gbé e síbẹ̀, ẹlòmíràn á kan ìsọ̀ káńtà sí i, kí a tó mọ̀, ìta ti di gáréèjì. Èmi ò bínú sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì. Èyí tí wọ́n kọ́ sí àárín ìta ló ń bí mi nínú. Agboolé tí wọ́n ṣì dá ìta wọn sí, ẹ ó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ ó rí ẹní àti ọpọ́n ayò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí Màmá bá kí wọn dáadáa, wọ́n á gbé àga jáde fún wọn. Mi ò fi ṣeré.

ÀdùkẹMókọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Màmá ń ka gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ní kí n bèèrè oúnjẹ. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin lè wọ ọgbà mọ́ṣáláṣí ńlá wò ó. Musulumi ni Màmá, Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n béèrè ìlẹ̀kẹ̀ kan tó pè ní lántàná.

Ìyá_Aláṣọ

Ẹ borí, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ń bọ́ ọ. Ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì lọ ní àkókò ìrun. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe. Ìmúra yín ni wọ́n á wò.

Oúnjẹ: wàrà, wàrà, wàrà. Ẹ ra èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní gbé wá láàárọ̀, nínú omi ẹ̀. Wọ́n á bá yín dín in bí ẹ bá fẹ́. Tó bá ti di ọ̀sán, ó ti ń kan. Àmàlà òun gbẹ̀gìrì ò ní jọ Màmá lójú, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, wọ́n á kàn máa fi wé tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi túwó dánra wò ní apá Gàmbàrí. Ẹran, Ìpàtà ni. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹ lè fọ̀.

Adétà_Ọmọ_Àlùfáà

Lórí lántàná: òkúta pupa ni, iṣẹ́ tó sọ Ìlọrin di olókìkí ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá. Òkúta náà kì í ṣe ti ibí, òkè ọya ni wọ́n ti ń gbé e wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bá ogun Ọ̀yọ́ Ilé dé ìlú yìí. Wọ́n á la òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi dán, wọ́n á wá fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀. Ihò yẹn ló ń pa òkúta, òun náà ló sì ń pa èèyàn, nítorí pé ẹyọ kan tó bá là sí méjì, iṣẹ́ gbogbo ti ṣègbé. Àwọn ọba àti olówó ló ń rà á. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ tí òyìnbó ń fi ẹ̀rọ ṣe gba ọjà, iṣẹ́ náà rọ, ó sì kú tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Nítorí náà, ẹni tó bá na ìlẹ̀kẹ̀ pupa tuntun sí yín ní Ọjà-Ọba tó pè é ní lántàná Ìlọrin, ẹ ra á tó bá wù yín lójú, kí ẹ san owó ìlẹ̀kẹ̀ lásán. Ojúlówó wà nínú àpótí àwọn ìdílé kan, wọn kì í tà á.

Ohun tí èmi á ní kí ẹ rà ní Ọjà-Ọba ni wàláà. Pátákó tí ọmọ kéwú fi ń kọ́ láti kà. Ẹ ó rí i nítòsí àwọn tó ń ta tẹ̀sùbáà, fìlà àti ìwé Lárúbáwá.

Táíwò_Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìta ààfin bó ṣe yẹ kó rí, kó wá nígbà Iléyá. Ẹṣin á kún ibẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láwàní oríṣiríṣi, kàkàkí, ìlù. Ṣebí wọ́n máa ń ki Ìlọrin pé "ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀"? Ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ má mú Màmá wá lọ́jọ́ náà. Èrò ni.

ÀdùkẹMókọ́lá

Mo ti to ó báyìí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Aago méje ààbọ̀ a kúrò ní Táńkẹ̀, Ìdí-Àpé, ààfin, mọ́ṣáláṣí, ká ra wàrà. Aago mọ́kànlá a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkèlele fún àmù. Lẹ́yìn Jímọ̀ a padà sí Ọjà-Ọba fún aṣọ òkè, ká jókòó ní ìta kan títí ìrọ̀lẹ́. Màmá ní ṣé a lè fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ kún un.

ỌmọDàda

Ẹ yí i padà díẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ ra àmù, ẹ ó máa gbé e kiri ọjà. Ẹ wò ó, ẹ yan án, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá gbé e nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé. Kí ẹ sì fi aṣọ wé e nínú bùútù, kí ó má kan táyà àpòjù.

Ìyá_Aláṣọ

Aṣọ lẹ́yìn Jímọ̀ dára. Ọwọ́ aago mẹ́rin la tún máa ń ráyè fún oníbàárà.

Ọmọ_Ọ̀fà

Èsìẹ́ ò lè bá a mu lọ́jọ́ kan náà, ẹ má dán an wò. Gúúsù Kwara nìyẹn, ẹ ó gba Ajáṣẹ́-Ìpo, ẹ ó kọjá sí ọ̀nà Orò. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, ère èèyàn, àwọn tó jókòó lórí àpótí, àwọn tó mú ohun ìjà dání. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ fi ọjọ́ Mọ́ńdé lọ tí ẹ bá lè dúró, kí ẹ sì kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n máa ṣí. Bẹ́ńṣì wà níbẹ̀ ní tiwa.

BàbáKúńtú

Ọmọ Ọ̀fà, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lo ń lọ. Àdùkẹ́, tí ẹ bá ti dé àdúgbò wa ní Kúńtú, ẹ béèrè ilé alátẹ ayò, kí ẹ ní èmi ni mo rán yín. Wọ́n á mú yín dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ tí kì í lo òwú dídán.

ÀdùkẹMókọ́lá

Màmá ní kí n sọ fún yín pé àwọn náà máa ń ta ayò. Kí ẹ múra.